Ọkọ̀ tí a fi Ọ̀nà Halálì Rà: Ẹ̀kọ́ lórí Yíyan Jíìpù Kékeré àti Sísan Owó Rẹ̀ Díẹ̀díẹ̀

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa láti rìn, tí ó sì pèsè ohun gígùn tí ń gbé ẹrù wa dé ibi tí ẹsẹ̀ lásán kì bá tètè gbé e dé. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń kìlọ̀ fún ẹ̀mí ara mi kí n tó kìlọ̀ fún yín pé kí á páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Nínú Súrátul-Jumu‘ah, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á fi káràkátà sílẹ̀ nígbà tí a bá pè wá sí ìrun Jímọ̀, lẹ́yìn tí a bá sì kírun tán, Ó yọ̀ǹda kí á túká láti wá nínú oore Rẹ̀. Ẹ̀sìn wa kò parí sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó ń tẹ̀ lé wa dé ọjà, dé oko, àti dé ibi tí a ti ń ta mọ́tò.

Ìbéèrè tí ó bí ẹ̀kọ́ yìí

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé méjì lọ́wọ́. Ẹja àrọ̀ ni ó ń sìn ní ìhà Agbówà, ó sì ń kó o lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ àti sí Sábó ní Ìkòròdú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà oko wa nígbà òjò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ọlọ́kadà kò fẹ́ wọ ibẹ̀, mọ́tò tí a bá háyà máa ń rì sínú ẹrẹ̀, ẹja a sì kú kí ó tó dé ọjà. Ó fẹ́ ra jíìpù kékeré, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní fọ́-wíìlì.

Ó sọ fún mi pé, “Bàbá Ìmáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé wọ̀nyí. Ilé ìfowópamọ́ kan ní òun yóò yá mi ní 6,000,000 náírà, pẹ̀lú èlé. Èkejì ní òun kì í gba èlé, òun yóò ra ọkọ̀ náà, òun yóò sì tà á fún mi. Àwọn méjèèjì ní kí n máa san 325,000 náírà lóṣooṣù fún oṣù 24. Bí iye tí n ó san bá jẹ́ ọ̀kan náà, ṣé kì í ṣe orúkọ nìkan ni ó yàtọ̀?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè gidi ni. Mi ò bá a wí. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ń béèrè rẹ̀ nínú ọkàn, tí ojú sì ń tì láti fi ẹnu sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á gbé e yẹ̀ wò ní ìpele-ìpele: ọkọ̀ ni á kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni á wo owó.

Yan ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ béèrè

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú níní ọkọ̀ tí ó dára. Nínú Súrátun-Nahl, Ọlọ́hun ka ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ ìdẹ̀ra Rẹ̀, Ó ní a lè gùn wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ ọ̀ṣọ́. Nínú hádíìsì tí Ibn Hibban gbà wá, Ànábì ka ohun gígùn tí ó rọrùn mọ́ àwọn ohun tí ń mú inú ènìyàn dùn láyé. Ṣùgbọ́n Súrátul-Furqan yin àwọn ẹrú Ọlọ́hun tí kì í ná ìnákúnàá, tí kì í sì í háwọ́; àárín méjèèjì ni wọ́n máa ń dúró sí. Àwọn àgbà wa náà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, “Ọmọ mi, ẹrẹ̀ ni ó ń lé ọ bọ̀ ni, àbí ojú ayé?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yé e. Ẹni tí kò kúrò lórí ọ̀dà láti Sábó dé Ògólóńtò kò nílò ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń jẹ epo jù ú lọ, ó sì ní irin púpọ̀ sí i tí ó lè bàjẹ́. A kò sì gbàgbé ohun tí ojú wa rí nígbà tí ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní òpin oṣù May ọdún 2023. Lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ó tó tún gòkè sí i lẹ́yìn náà. Ẹni tí ń ra ọkọ̀ ń ra ẹnu tí yóò máa mu epo.

Ṣùgbọ́n ẹni tí oko rẹ̀ wà nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, àìní gidi ni tirẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó lajú jù lọ, nítorí kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ó ga tí ó sì dà bí jíìpù ni fọ́-wíìlì. RAV4 tí Toyota gbé jáde lọ́dún 1994, nọ́ńbà 4 tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí táyà mẹ́rin tí ń fa ọkọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ RAV4 ni ó wà tí ó jẹ́ pé táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Honda CR-V: òmíràn ń fa mẹ́rin, òmíràn ń fa méjì, ìrísí wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Má ṣe gba àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ́, nítorí àmì ṣeé rà lọ́jà. Jẹ́ kí mẹkáníìkì tí o fọkàn tán wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fọ́-wíìlì lóòótọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, yóò rí ọ̀pá irin gígùn tí ó ti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, tí ó sì wọ inú àpótí irin kan láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí kò bá sí ọ̀pá yìí, lọ́pọ̀ ìgbà, táyà méjì péré ni ó ń fà á.

Kí ó tún wò bóyá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, tí wọ́n sì jẹ dọ́gba-dọ́gba. Táyà tí kò dọ́gba máa ń fi ìyà jẹ irin tí ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Kí ó fa kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ó wo abẹ́ ìjókòó, nítorí ọkọ̀ tí àgbàrá ti bò rí máa ń fi ìpẹtà, iyanrìn àti òórùn sílẹ̀. Lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan wà tí ó ní àmì 17. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe é. 1, 4 tàbí 5 jẹ́ ti Amẹ́ríkà. 2 jẹ́ ti Kánádà. Fún àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 8 dúró fún 2008, A sì dúró fún 2010. Kí nọ́ńbà yìí bá ti inú ìwé kọ́sítọ̀mù mu láìsí àṣìṣe kan.

Ẹ sì rántí pé táyà mẹ́rin tí ń fa ọkọ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti jáde nínú ẹrẹ̀ ni; kì í mú kí ó tètè dúró bí a bá tẹ búrékì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó gbà pé jíìpù kì í yọ̀, tí wọ́n sì ń sáré àsápajúdé nínú òjò. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Ẹ̀tọ́ ẹni tí ń rà, ojúṣe ẹni tí ń tà

Nínú ohun tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Hakim ọmọ Hizam, Ànábì jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà ní ẹ̀tọ́ àtiyí ọkàn padà níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì pínyà. Bí wọ́n bá sọ òtítọ́, tí wọ́n sì fi àbùkù ọjà hàn, Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí i; bí wọ́n bá purọ́, tí wọ́n sì fi àbùkù pamọ́, àlùbáríkà yóò gbéra níbẹ̀. Ọkùnrin kan sì wà nígbà ayé Ànábì tí wọ́n máa ń rẹ́ jẹ lọ́jà. Ànábì kọ́ ọ pé kí ó máa sọ ọ́ síta pé kò gbọdọ̀ sí ìyànjẹ. Láti inú èyí ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ẹni tí ń rà lè bá ẹni tí ń tà ṣe àdéhùn ọjọ́ bíi mélòó kan láti fi yẹ ọjà wò, àti pé ẹni tí ó bá àbùkù tí a fi pamọ́ pàdé lè dá ọjà padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọkọ̀ láàárín wa, yálà ní Òdogunyàn tàbí ní ojú ọ̀nà Ìtóìkín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹni tí ó yí òǹkà máìlì padà sẹ́yìn, tí ó fi ọ̀dà bo ìpẹtà, tí ó ní táyà mẹ́rin ń fa ọkọ̀ tí méjì ń fà, kò yàtọ̀ sí ọkùnrin tí Ànábì ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ rẹ̀ tí ó bá omi nísàlẹ̀. Ànábì sọ fún un gbangba pé ẹni tí ó bá ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára wa.

Ṣé òwò kò dà bí èlé ni?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìwé méjì náà. Ìbéèrè ọmọ wa kì í ṣe tuntun. Súrátul-Baqarah sọ fún wa nípa àwọn tí wọ́n ní òwò àti èlé kò yàtọ̀ síra. Èsì tí Ọlọ́hun fún wọn ni pé Òun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Òun sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Àwa Yorùbá náà mọ ìyàtọ̀ yìí. A mọ sógúndogójì tí ń sọ ogún di ogójì lọ́rùn aláìní. A sì mọ òṣómàáló tí ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí ń tà á láwìn, tí ó wá ń padà gba owó rẹ̀. Ẹni kìíní ń fi owó bí owó. Ẹni kejì ra ọjà, ó ru ú, ọjà náà lè jóná tàbí kí olè gbé e, kí ó tó tà á.

Ohun tí ó wà nínú ìwé kejì náà nìyẹn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní muràbáhà. Ilé ìfowópamọ́ kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà, ọkọ̀ di tirẹ̀, ó sì fi èrè lé e, ó sọ iye tí ó rà á àti iye èrè rẹ̀ síta, lẹ́yìn náà ni ó tà á fún ọ. Ká ní ọkọ̀ náà jẹ́ 8,000,000 náírà. O mú 2,000,000 sílẹ̀. Ó ku 6,000,000. Èrè tí ẹ fẹnu kò sí jẹ́ 1,800,000. Gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ di 7,800,000, ìyẹn 325,000 ní ìgbà 24. Ìgbìmọ̀ àgbáyé fún ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, nínú ìpàdé wọn ní Jeddah lọ́dún 1990, fi ọwọ́ sí i pé iye ọjà tí a tà láwìn lè ju iye owó lọ́wọ́ lọ, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti fẹnu kò sí iye kan ṣoṣo kí á tó pínyà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi kún un nítorí pé olùrà pẹ́ láti san.

Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ ti ń hàn. Ká ní ẹja kú, tí ọmọ wa kò sì lè san ohunkóhun fún oṣù mẹ́fà, nígbà tí ó ku 5,000,000 lọ́rùn rẹ̀. Bí ìwé kìíní bá ń gba 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù lórí ohun tí ó kù, gbèsè náà á ti kọjá 5,790,000 kí oṣù mẹ́fà tó pé, láìjẹ́ pé ọkọ̀ gùn sí i tàbí pé ó dára sí i. Nínú ìwé kejì, 5,000,000 náà ni yóò ṣì jẹ́. Èkíní ń sanra lára ìpọ́njú. Èkejì ń dúró de ìdẹ̀ra, gẹ́gẹ́ bí Súrátul-Baqarah ti pa á láṣẹ pé kí á fún onígbèsè tí ọwọ́ há fún ní àsìkò títí yóò fi rọrùn fún un. Nítorí náà, ọmọ mi, kì í ṣe orúkọ nìkan ni ó yàtọ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá dára, ìwé méjèèjì lè jọ ara wọn. Ọjọ́ ìṣòro ni wàá mọ èyí tí ó jẹ́ òwò.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun fún ara mi àti fún gbogbo yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun ní gbogbo ìgbà. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ òdodo, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ halálì nìkan tẹ́ yín lọ́rùn. Lọ́dún 2011, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà jáde fún àwọn ilé ìfowópamọ́ tí kì í gba èlé. Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2012, TAJBank lọ́dún 2019, Lotus Bank lọ́dún 2021. A kò dárúkọ wọn láti polówó. Ká lè mọ̀ pé ọ̀nà wà ni. Ibikíbi tí o bá lọ, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti mọ́sálásí, béèrè ohun mẹ́rin wọ̀nyí kí o tó fọwọ́ síwèé:

1. Ṣé ẹ ó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ yìí kí ẹ tó tà á fún mi? Ànábì kọ̀ fún Hakim ọmọ Hizam láti ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kàn ka owó lé ọ lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí o padà san ju bẹ́ẹ̀ lọ, èlé ni, orúkọ yòówù tí wọ́n ìbáà pè é.

2. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kí ẹ tó fà á lé mi lọ́wọ́, ta ni yóò ru àdánù náà? Bí wọ́n bá ní ìwọ ni, wọn kò ṣe òwò kankan.

3. Bí n kò bá lè san ní àsìkò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Owó ìjìyà kò gbọdọ̀ di èrè fún ẹni tí ó tà. Ibi tí wọ́n bá ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ní tí ó sì kọ̀ láti san, sàráà ni ó yẹ kí wọ́n fi ṣe.

4. Ṣé gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí? Àyá tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùráánì, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé lórí.

Ẹ ronú sí ìtàn Jabir, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Lójú ìrìn àjò, Ànábì ra ràkúnmí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dárúkọ iye kan. Jabir sì ṣe àdéhùn pé òun yóò ṣì gùn ún dé Mẹdínà. Nígbà tí wọ́n délé, Ànábì san owó náà pé, ó fi kún un, ó sì tún fi ràkúnmí náà ta á lọ́rẹ. Iye tí ó hàn, àdéhùn tí ó yéni, sísan láìjẹ́ kí wọ́n lé ni kiri: mẹ́ta yìí ni ojúlówó òwò.

Gbèsè àti òkú

Halálì kò túmọ̀ sí pé apá rẹ ká a. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé òkú arákùnrin kan wá kí a kírun sí i lára. Mo béèrè, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, bóyá ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Aya rẹ̀ ni ó rán ọmọ wá láti ẹ̀yìn pé owó jíìpù ṣì wà nílẹ̀, oṣù 19 ni ó kù. Nínú gbogbo àwa tí a ti gùn nínú ọkọ̀ náà lọ sí ìnáwó, èmi náà sì wà lára wọn, kò sí ẹni tí ó tètè fọhùn. Mo rántí ọjọ́ tí Ànábì fà sẹ́yìn láti kírun sí onígbèsè kan lára títí Abu Qatadah fi gba gbèsè náà sí ọrùn ara rẹ̀. Ojú tì mí. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ìjọ dá owó, a sì san díẹ̀. Ẹni tí ó yá a lówó gba ọkọ̀, èlé sì kù fún opó.

Nítorí náà ni mo fi sọ fún ọmọ wa pé kí ó má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Mo ní kí ó máa fi 325,000 náírà pamọ́ lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta bí ẹni tí ń san án, kí ó sì fi owó epo, táyà, ìwé ọkọ̀ àti ìdáàbòbò ọkọ̀ lọ́nà tàkáfùlù kún un. Ó ṣe é ní oṣù kìíní, ó ṣe é ní oṣù kejì. Ní oṣù kẹta, oúnjẹ ẹja gbówó lórí, kò sì ṣeé ṣe. Ó padà wá bá mi, ó ní, “Bàbá, ó ti yé mi.” Ó wọ inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ń kó owó jọ kí owó ìdásílẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀, kí gbèsè sì kéré. Títí di òní, ó ṣì ń háyà mọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ń sùn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà. Ẹ̀yin tí Ọlọ́hun ti bùn ní ọrọ̀ láàárín wa, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ìkìlọ̀ nìkan ni a óò máa fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ fi owó yín sínú ẹgbẹ́ tí ń tà láwìn láìsí èlé, kí ọ̀nà halálì má baà ṣòro fún wọn ju ọ̀nà harámù lọ.

Ọlọ́hun, fi halálì Rẹ tó wa, kí á má nílò harámù. Dáàbò bò wá kúrò nínú ẹrù gbèsè àti ìrẹ́nijẹ. Ẹni tí ó wà nínú gbèsè nínú wa, là á lọ́nà láti san án. Àwọn òkú wa tí ó lọ pẹ̀lú gbèsè, gbé ẹni tí yóò san án dìde fún wọn, kí O sì forí jìn wọ́n. Àwọn tí ń rìn lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, mú wọn lọ ní àlàáfíà, mú wọn bọ̀ ní àlàáfíà. Áàmín.

Ẹ dìde sí ìrun yín, kí Ọlọ́hun kẹ́ yín.